Ipò Kìíní Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Ewu Tó Wà Nínú Draft Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 32 tó wà nínú líìgì NFL ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì láàárín ara wọn. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá táwọn ọmọ wa ń gbá ládùúgbò. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń há mọ́yà sáré, táwọn géńdé tó dé akoto sì ń kọlu ara wọn nítorí rẹ̀ ni. Apá ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, ìpele méje ló sì ní. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù lọ ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú. Ẹgbẹ́ tó gba ife Super Bowl ló ń mú kẹ́yìn. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá mú kò lè lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì náà lọ́dún náà àfi bí ẹgbẹ́ tó mú un bá tà á tàbí tó yọ̀ǹda rẹ̀.

Lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè, ẹgbẹ́ tó bá wà ní ipò kìíní ti jèrè, nítorí kò sẹ́ni tó lè mú ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ńlá àti ìrètí ńlá ni ẹgbẹ́ ń gbé lé orí ọmọ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan láàárín àwọn àgbà. Bí ẹgbẹ́ bá ṣìnà ní ìpele kẹfà, kò sẹ́ni tí yóò rántí. Bí ó bá ṣìnà ní ipò kìíní, akọ́nimọ̀ọ́gbá lè torí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́, ẹgbẹ́ náà sì lè fi ọdún mẹ́rin márùn-ún wá ọ̀nà àbáyọ.

Bert Bell ló dá àbá draft lọ́dún 1935. Ó wà lára àwọn tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí gbogbo èèyàn ń nà. Ṣáájú àsìkò yẹn, ọ̀dọ́ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá lè bá ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ìyẹn ni pé àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá bíi New York Giants àti Chicago Bears ló ń kó àwọn tó dáńtọ́, táwọn yòókù ń ṣa èérún. Àwọn akẹgbẹ́ Bell gbà sí i lẹ́nu, wọ́n sì ṣe draft àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1936 ní hòtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní ìlú Philadelphia. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló pésẹ̀.

Eagles ló wà ní ipò kìíní. Jay Berwanger ni wọ́n mú, ọmọ Yunifásítì Chicago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ tí a mọ̀ lónìí sí Heisman, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó pegedé jù lọ. Owó tó béèrè ju agbára Eagles lọ, ni wọ́n bá gbé ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún Chicago Bears. George Halas tó ni Bears náà kò ṣetán láti san án. Berwanger bá tirẹ̀ lọ, ó di oníṣòwò rọ́bà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú draft àkọ́kọ́ kò gbá bọ́ọ̀lù NFL fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún. Lọ́dún 1986, Tampa Bay Buccaneers fi ipò kìíní mú Bo Jackson láti Yunifásítì Auburn. Ọmọ náà ti kìlọ̀ fún wọn pé òun kò ní í wá, nítorí ìrìn-àjò kan tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà gbé e ṣe ló jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú baseball yunifásítì. Wọ́n rò pé owó yóò yí i lọ́kàn padà. Jackson lọ gbá baseball fún Kansas City Royals, ipò kìíní àwọn Buccaneers sì wọmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Raiders mú un ní ìpele keje, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti gbà pé kò tún ní í padà sídìí bọ́ọ̀lù mọ́.

Irú ewu yẹn kò wọ́pọ̀ lóde òní. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ náà wá, kó gba owó, kó má sì mọ̀ ọ́n gbá tó bí wọ́n ṣe rò. Kì í ṣe pé wọn kì í yẹ ọ̀dọ́ wò kí ọjọ́ yíyàn tó pé. Láti ọdún 1987 ni ìlú Indianapolis ti ń gba àlejò àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Combine, àwọn tó sì ń lọ síbẹ̀ báyìí ń lé ní 300 lọ́dún. Wọ́n á ní kí ọmọ sáré yáàdì 40, ìyẹn bíi mítà 36 àti ààbọ̀, wọ́n á sì ka àkókò rẹ̀ dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n á ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó máa gbé irin tó wọn pọ́n-ùn 225 títí agbára rẹ̀ á fi pin. Wọ́n á wọn gígùn apá rẹ̀ àti fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà á fa orúnkún rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n á wo àwòrán eegun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un wọ yàrá, wọ́n á bi í léèrè nípa ilé tó ti wá, nípa ẹjọ́ tó bá ti jẹ́ rí, àti nípa àṣìṣe tó ṣe lójú pápá.

Gbogbo èyí dára, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo quarterback, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú fún. Ní yunifásítì, púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá a figẹ̀ wọngẹ̀ ló máa padà di oníṣòwò, agbẹjọ́rò tàbí olùkọ́. Ní NFL, gbogbo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló jẹ́ àṣàyàn. Àyè tó ń rí ju bọ́ọ̀lù sí tẹ́lẹ̀ ti há, kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ láti ronú kí wọ́n tó dé ọrùn rẹ̀. Irin gbígbé kò lè sọ bí orí ọmọ yóò ṣe pé tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn.

Ọdún 1998 ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Quarterback méjì ló wà lókè àtẹ lọ́dún náà: Peyton Manning láti Tennessee àti Ryan Leaf láti Washington State. Indianapolis Colts ló ni ipò kìíní, àríyànjiyàn sì gbóná lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n mú. Àwọn kan ní Manning ló mọ eré jù, quarterback NFL sì ni bàbá rẹ̀ pàápàá. Àwọn mìíràn ní Leaf ló lágbára apá jù. San Diego Chargers wà ní ipò kẹta. Kí wọ́n lè sún sókè ní ipò kan péré, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè jẹ́ tiwọn dandan, wọ́n kó ipò kẹta wọn, ipò kan ní ìpele kejì, ipò ìpele kìíní ti ọdún 1999 àti agbábọ́ọ̀lù méjì fún Arizona Cardinals. Colts mú Manning. Chargers mú Leaf, wọ́n sì fún un ní àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù 31 dọ́là, tí mílíọ̀nù 11 ó lé nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtọwọ́bọ̀wé.

Leaf borí nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta ló tú àṣírí. Ní Kansas City, ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 15, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tirẹ̀ rí i mú, yáàdì mẹ́rin sì ni gbogbo ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Àwọn alátakò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ó jágbe mọ́ akọ̀ròyìn kan nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, kámẹ́rà sì ká a mọ́bẹ̀. Wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n títí ó fi sú gbogbo ayé. Touchdown, ìyẹn góòlù tiwọn, méjì péré ló jù lọ́dún náà, bọ́ọ̀lù tó jù sọ́wọ́ alátakò sì jẹ́ 15. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, Chargers ní kó máa lọ.

Ohun táwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà ni pé Manning náà kò ta pútú lọ́dún àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù 28 ló jù sọ́wọ́ alátakò, iye tí ẹni tuntun kankan kò jù rí nínú líìgì náà. Ìdíje mẹ́ta ni Colts borí nínú 16. Ẹni tó bá fi ọdún yẹn nìkan dájọ́ lè sọ pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló sọ owó nù. Manning wá gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó gba Super Bowl méjì, ẹgbẹ́ tó mú un sì jẹun lára rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ohun tó mú kí ewu draft nira láti wọ̀n nìyẹn: owó ti máa ń jáde lápò tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó rà.

Quarterback nìkan kọ́ ló ń tan ẹgbẹ́ jẹ. Lọ́dún 1989, Green Bay Packers fi ipò kejì mú Tony Mandarich, òmìrán láti Michigan State tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo quarterback. Ìwé ìròyìn Sports Illustrated gbé àwòrán rẹ̀ láìwọ ẹ̀wù sí iwájú ìwé, wọ́n sì pọ́n ọn bí ẹni tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Ọdún díẹ̀ ló lò ní Green Bay, kò sì yàtọ̀ sí èèyàn lásán. Lọ́dún 2008, ó jẹ́wọ́ pé oògùn tó ń mú ara wú lọ́nà àìtọ́ ni òun ń lò ní yunifásítì. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Green Bay wọra ni àwọn tó yí i ká lórí àtẹ ọjọ́ náà. Troy Aikman ni ẹni kìíní, Barry Sanders ni ẹni kẹta, Derrick Thomas ni ẹni kẹrin, Deion Sanders ni ẹni karùn-ún. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni bọ́ọ̀lù ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio. Nínú ẹni márùn-ún àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kò dé ibẹ̀, òun náà sì ni Packers mú.

Ti ara ọmọ tún wà níbẹ̀, pàápàá jù lọ orúnkún. Lọ́dún 1995, Cincinnati Bengals san ipò karùn-ún wọn àti ipò kan ní ìpele kejì fún Carolina Panthers kí wọ́n lè gòkè lọ sí ipò kìíní láti mú Ki-Jana Carter, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé bọ́ọ̀lù sáré. Nínú ìdíje ìdánrawò àkọ́kọ́, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbé bọ́ọ̀lù ni iṣan orúnkún rẹ̀ já. Gbogbo sáà náà lọ mọ́ ọn lórí, eré tó ń sá ní yunifásítì kò sì padà sí i lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ti quarterback Robert Griffin ní Washington tún ṣeé ṣe kó dun èèyàn jù, torí pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá ní tòótọ́. Kí Washington tó lè mú un ní ipò kejì lọ́dún 2012, wọ́n gbé ipò kẹfà wọn, ipò kan ní ìpele kejì, àti ipò ìpele kìíní ọdún 2013 àti 2014 fún St. Louis Rams. Griffin gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó pegedé jù lọ lẹ́ka ìkọlù. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, wọ́n gbé e wọ pápá sí Seattle pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ó yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, Griffin kò sì tún rí bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Quarterback tó borí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Russell Wilson, tí Seattle mú nínú draft kan náà ní ipò 75, láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Wilson gba Super Bowl.

Orúnkún yìí kan náà ló gbé ọmọ Yorùbá méjì wọnú ìtàn draft. Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Brooklyn fún òbí tó wá láti Nàìjíríà, ti fara pa ní orúnkún nígbà tó wà ní Yunifásítì Indiana. Nínú draft ọdún 2000, ìpele méjèèje parí, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Miami Dolphins gbà á wọlé láìná ipò kankan. Ní ọdún 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ká quarterback mọ́lẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní ìhà AFC tí Dolphins wà. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ó gbá Super Bowl fún Chicago Bears. Colts tó nà wọ́n lọ́jọ́ náà ni ti Peyton Manning. Ẹni kìíní ọdún 1998 àti ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mú lọ́dún 2000 jọ wà lórí pápá kan náà.

Jay Àjàyí ni ìkejì. London ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, Yunifásítì Boise State ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá ní ká wo eré rẹ̀ nìkan, kò yẹ kó pẹ́ lórí àtẹ ọdún 2015. Àwọn dókítà wo orúnkún rẹ̀ tó ti já rí, wọ́n ní kò lè gbé e jìnnà. Ó ṣubú títí dé ìpele karùn-ún, ipò 149, kí Dolphins tó mú un. Ọdún kejì rẹ̀ ló sáré yáàdì 1,272, ó sì ju yáàdì 200 lọ nínú ìdíje mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 2017 wọ́n tà á fún Philadelphia Eagles, òun àti wọn sì jọ gba Super Bowl oṣù kejì ọdún 2018. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, iṣan orúnkún tún já fún un, ìdíje mẹ́ta péré ló sì tún gbá lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn dókítà kò parọ́, Dolphins náà kò sì jìn sí kòtò, nítorí pé ipò kékeré ni wọ́n fi mú un. Ká ní ipò karùn-ún ni wọ́n ná lé e, ìtàn kan náà ni wọn ì bá máa pè ní àṣìṣe.

Kí ọdún 2011 tó dé, owó ló ń sọ àṣìṣe di àjálù. NFL ní gbèdéke lórí iye tí ẹgbẹ́ lè ná sórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún, nítorí náà ohun tí ẹnì kan bá kó lọ ti dín kù lára ẹlòmíràn. Lọ́dún 2007, Oakland Raiders fi ipò kìíní mú JaMarcus Russell, quarterback tó ga, tó sì lágbára láti ju bọ́ọ̀lù jìnnà réré. Wọ́n ń dúnàá dúrà títí sáà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé, ó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un bó gbá, bó ò gbá. Ìdíje 25 ló bẹ̀rẹ̀, méje ló borí, wọ́n sì lé e lọ́dún 2010. Calvin Johnson tí wọ́n mú tẹ̀ lé e àti Joe Thomas tó ṣe ẹnì kẹta ti wà ní Canton báyìí. Lọ́dún 2010 yìí kan náà, Rams ṣèlérí mílíọ̀nù 50 dọ́là tó dájú fún Sam Bradford kó tó gbá ìdíje kan ṣoṣo. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn fárí gá. Nínú àdéhùn tuntun tí líìgì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ṣe lọ́dún 2011, wọ́n fi òté lé owó àwọn ẹni tuntun: Cam Newton, ẹni kìíní ọdún náà, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, quarterback ọ̀dọ́ tó bá mọ̀ ọ́n gbá ti di ohun tó dínwó jù nínú gbogbo líìgì, àwọn ẹgbẹ́ sì tún wá ń sáré lé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Eré sísá yẹn ló wá bí ewu tuntun. Tí a bá wo ìtàn dáadáa, ohun tí ẹgbẹ́ ń san kó tó dé ipò gíga ló ń pa á lára ju ọmọ tó mú lọ. Ipò nínú draft ṣeé tà, ó ṣeé rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Dallas Cowboys lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Jimmy Johnson ní àtẹ tó ń sọ iye tí ipò kọ̀ọ̀kan tó. Mike McCoy, tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, ló ṣírò rẹ̀. Ipò kìíní jẹ́ máàkì 3,000, ìkejì jẹ́ 2,600, ìkẹta jẹ́ 2,200, ìkẹwàá jẹ́ 1,300, ipò 32 sì jẹ́ 590. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ipò 32 ra ipò kìíní yóò kó irú rẹ̀ márùn-ún sílẹ̀, yóò tún fi èènì sí i. Kò pẹ́ tí àtẹ náà fi tàn dé ọwọ́ gbogbo líìgì.

Cade Massey àti Richard Thaler, àwọn onímọ̀ méjì, wá béèrè bóyá ọjà náà tó owó rẹ̀. (Thaler ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́dún 2017.) Wọ́n wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tí iṣẹ́ wọn bára mu, tí wọ́n mú tẹ̀ léra nínú draft kan náà, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ló ṣe dáadáa jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ nínú ìgbà 100, nǹkan bí 52 péré ni. Ẹni tó kàn ń ju owó ẹyọ sókè yóò rí 50. Wọ́n tún rí i pé tí a bá yọ owó oṣù kúrò nínú èrè, ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kejì ni ẹgbẹ́ ti ń jèrè jù lórí ohun tó ná, ipò kìíní kọ́. Àdéhùn ọdún 2011 ti tún ìyẹn ṣe díẹ̀, nítorí owó àwọn tó wà lókè ti wálẹ̀. Kò tún ti 52 ṣe. Àwọn tó ń mú agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe òpè, iṣẹ́ wọn nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ohun tí ìwádìí náà ń sọ hàn kedere ní San Francisco. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ 49ers kó ipò ìpele kìíní mẹ́ta àti ipò kan ní ìpele kẹta fún Miami kí wọ́n lè ti ipò 12 gun ipò kẹta. Trey Lance ni wọ́n lọ mú, ọmọ tí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kò ju 17 lọ. Ìdíje mẹ́rin péré ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tà á fún Dallas lọ́dún 2023, ipò ìpele kẹrin kan ni wọ́n sì gbà lórí rẹ̀. Orí ló kó wọn yọ: lọ́dún 2022 wọ́n ti mú Brock Purdy ní ipò 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá nínú draft náà, òun ló sì gbé wọn dé Super Bowl oṣù kejì ọdún 2024.

Carolina Panthers kò rí irú orí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n ra ipò kìíní lọ́wọ́ Chicago Bears láti mú Bryce Young. Owó rẹ̀ ni ipò 9, ipò 61, ipò ìpele kìíní ọdún 2024, ipò ìpele kejì ọdún 2025, àti DJ Moore, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn. Ìdíje méjì ni wọ́n borí nínú 17 lọ́dún náà, wọ́n ṣe ẹ̀yìn gbogbo líìgì. Bí ipò tí wọ́n ti tà ṣe di ipò kìíní ọdún 2024 nìyẹn, Bears sì fi mú Caleb Williams. C. J. Stroud, tí Houston mú tẹ̀ lé Young láìra ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó pegedé jù lọ lẹ́ka ìkọlù. Ewu tó wà nínú títa ipò ọ̀la ni pé ẹgbẹ́ tó bá ń tà á máa ń gbà pé òun yóò ti dára nígbà tí ọ̀la bá dé.

Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀bi kọ́ ló yẹ kó máa wà lọ́rùn ẹni tó mú tàbí ẹni tí wọ́n mú. Ilé tí ọmọ bọ́ sí ń ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 2005, 49ers fi ipò kìíní mú Alex Smith, Aaron Rodgers sì jókòó títí dé ipò 24 kí Green Bay tó pè é. Smith bọ́ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹni tó ń darí ìkọlù fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé bó ṣe ń kọ́ èdè kan tán ni òmíràn ń dé. Rodgers fi ọdún mẹ́ta jókòó sẹ́yìn Brett Favre, ó ń wò, ó ń kọ́. Nígbà tí Smith wá dé Kansas City lọ́dún 2013, sábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ ohun tó fẹ́, ó di quarterback gidi. Lọ́dún 2017, Bears ti ipò kẹta sún sí ìkejì láti mú Mitchell Trubisky. Kansas City ní tiwọn ti ipò 27 gòkè wá sí ìkẹwàá láti mú Patrick Mahomes, wọ́n sì fi í sẹ́yìn Smith yìí fún sáà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mahomes ti gba Super Bowl mẹ́ta. Ọ̀nà gígòkè yẹn náà gbówó lórí, ó sì ju owó rẹ̀ lọ. Sam Darnold, ẹni kẹta ọdún 2018, jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ti kà sí òfò ní New York Jets. Lọ́dún 2024 ó borí ìdíje 14 pẹ̀lú Minnesota Vikings.

Báwo wá ni ẹgbẹ́ tó gbọ́n ṣe ń wọn ewu yìí? Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lójú pápá ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Láti ọdún 2015 dé 2025, ẹni kìíní mẹ́sàn-án nínú 11 ló jẹ́ quarterback, nítorí kò sí ipò mìíràn tó lè yí ẹgbẹ́ padà tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè ńlá wà, ibẹ̀ náà sì ni òfò ńlá wà. Àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré kì í pẹ́ kí ara wọn tó gbó, wọ́n sì pọ̀ ní ìpele ìsàlẹ̀: láti ìgbà Ki-Jana Carter lọ́dún 1995 dé draft ọdún 2025, kò sí èyí tí wọ́n fi ipò kìíní mú. Àwọn tó ń dáàbò bo quarterback kì í gba ìròyìn, àmọ́ wọ́n máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Irú wọn ni Olúmúyìíwá Fáṣànú, tí New York Jets mú ní ipò 11 lọ́dún 2024 lẹ́yìn tó ti fi ọdún kan sí i ní Penn State, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yóò ti jáde lọ́dún 2023. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ dókítà, lẹ́yìn dókítà ni ìwà, lẹ́yìn ìwà ni ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà àti bóyá onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀ ní ọdún méjì sí i. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kì í fẹ́ dáhùn, àwọn gan-an ló sì sábà máa ń ní ipò kìíní lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá wà ní ipò kìíní, tó rí quarterback tí àwọn tirẹ̀ gbà gbọ́ tọkàntọkàn, tó sì ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fìdí múlẹ̀, kó mú un. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, tí ẹlòmíràn sì dé pẹ̀lú ipò mẹ́ta lọ́wọ́, kó tà á lọ́jọ́ náà gan-an.